Àpótí Tí A Kùn Lẹ́ẹ̀mejì

Òórùn ọ̀dà ló jí mi lójú oorun ọ̀sán lánàá. Mo kọ́kọ́ rò pé àlá ni mo ń lá, nítorí ó ti pẹ́ gan-an tí òórùn náà ti wọ ilé yìí kẹ́yìn. Mo fi ọ̀pá wá ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùnlé, ọmọ ọmọ mi ni mo bá níbẹ̀. Ó ti lọ ra tábìlì kékeré kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù ní Adó, tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì bí ẹsẹ̀ tèmi, ó dojú rẹ̀ dé sórí àpò símẹ́ǹtì, ó ń kùn ún ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Ó ní inú fóònù lòun ti kọ́ ọ. Ó ní ohun tó lòde báyìí nìyẹn, kéèyàn ra ohun tí ẹlòmíràn ti lò gbó, kó fi ọ̀dà sọ ọ́ di tuntun.

Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín náà mọ́ mi lẹ́nu. Mo ní iṣẹ́ tí èmi àti Ìbíwùmí fi jẹun kí ìyá rẹ̀ tó mọ bàbá rẹ̀ ló wá ń kọ́ mi yìí.

Ó ní, "Ta ni Ìbíwùmí, Màmá?"

Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Ọmọ tó ti ń gbé pẹ̀lú mi láti kékeré, kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Ìbíwùmí. Mo jókòó. Mo ní kó fọ ọwọ́ rẹ̀, kó mú bírò, kó wá bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí èmi ò mọ̀wé. Ohùn Ìkẹ́rẹ́ ni mo fi ń sọ ọ́. Òun ló ń tún un ṣe kó lè dà bíi ti inú Bíbélì. Bí ẹ bá rí ibi tó ti dùn jù, òun ni. Ibi tó bá ti korò, tèmi nìyẹn.

Agbo ilé kan náà ni wọ́n ti bí èmi àti Ìbíwùmí, lẹ́sẹ̀ àpáta, níbi tí oòrùn kì í tètè dé láàárọ̀. Kòríkòsùn ni à ń pe ara wa, tàbí Kòrí ní kúkúrú, orúkọ náà sì rọ̀ wá lọ́rùn, nítorí bí ọ̀kan ò bá rí èkejì, kì í lè sùn. Nígbà èwe wa, bí ọdún bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ìyá wa á rán wa lọ wa ilẹ̀ pupa. A ó pò ó mọ́ ìgbẹ́ màlúù àti omi ewé, a ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ pa á mọ́ ara ògiri, láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ wa bá tó. Àwọn àgbà obìnrin á gba ìyókù. Bí ó bá gbẹ, ilé tó ti ya lára látòjò èṣí á tún rí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán. Ìbíwùmí kì í lè fi ògiri sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ó tó gbẹ, á ti fi ìka ya ẹsẹ̀ ẹyẹ sí i, ìyá rẹ̀ á sì fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ náà gbá a létí. Ó ń sunkún, ó sì ń wò ó bóyá ẹsẹ̀ ẹyẹ náà dára.

Ewé ìpín ni a sì fi ń ha ohun onígi. Ẹ̀yin ìsinsìnyí lè máa rí igi náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí ẹ má mọ̀ ọ́n. Ewé rẹ̀ le bí ahọ́n ológbò. A fi ń ha ọmọ odó, a fi ń ha ìpọnkà tí a fi ń bu ọkà àti àpótí ìjókòó, títí igi á fi máa dán láìfi nǹkan kan pa á. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Títí di òní, mo ṣì ń gbọ́ ọ nígbà mìíràn, kò sì sí ẹni tó ń ha nǹkan kan.

A dàgbà, a lọ́kọ. Káfíńtà ni Ìbíwùmí fẹ́, ọkùnrin gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀. Bàbá Gbénga ni gbogbo ayé ń pè é, a sì ń pe Ìbíwùmí ní Ìyá Gbénga. Àwọn méjèèjì àti ìyá ọkọ rẹ̀, tí à ń pè ní Yèyé, ló jọ ń gbé inú ilé kan náà.

Ìgbà tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó ni iṣẹ́ ọ̀dà wa bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa jó lọ́jọ́ náà, àwọn tó mọ ìdí rẹ̀ àti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Kò pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ sí ya wọlé láti Àkúrẹ́. Adó ò gbà wọ́n tán, owó ilé sì ga níbẹ̀, ni ọ̀pọ̀ wọn bá wá háyà yàrá ní Ìkẹ́rẹ́. Àwọn olùkọ́ àgbà mìíràn sì ń kó jáde ní tiwọn, wọ́n ń lọ sí Oǹdó tàbí Ìbàdàn, wọn ò sì fẹ́ ru ẹrù gbígbó. Ẹni tó ń dé ò ní àga, ẹni tó ń lọ ò fẹ́ gbé àga. Àárín àwọn méjèèjì ni èmi àti Ìbíwùmí jókòó sí.

A ra férémù àwòrán tí kò ní àwòrán nínú mọ́. A ra dígí tí etí rẹ̀ ti bó, àti aago ògiri tó ti kú, àti tábìlì tí omi tíì ti sọ ojú rẹ̀ di òbìrí òbìrí. A ó fi àkísà àti kẹrosíìnì nù ún, a ó ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, nítorí bí èèyàn bá kun tuntun lé ti tẹ́lẹ̀, á ṣí bí awọ ejò. Sanpépà ni a kọ́kọ́ ń lò. Nígbà tí ó wọ́n, Ìbíwùmí ní kí la ń wá sanpépà lọ sí, ó kọrí sínú igbó, ó já ewé ìpín bọ̀. Lẹ́yìn náà la ó kùn wọ́n: funfun, tàbí àwọ̀ ewé, pẹ̀lú wúrà fẹ́ẹ́rẹ́ létí. Àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ fẹ́ràn wúrà yẹn.

Ẹnu Ìbíwùmí sì mú. Ọ̀gá ìjọba kan na ọwọ́ sí aago kan tí a kùn, ó ní, "Ìyá, ṣé èyí ń ṣiṣẹ́?"

Ìbíwùmí ní, "Ọ̀gá mi, ṣé ìjọba ti san owó oṣù tó kọjá fún yín?"

Ọkùnrin náà ní rárá.

"Ẹ wá jẹ́ kí òun náà sinmi díẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó rà á. Mo rántí àsìkò yẹn pé a máa ń rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé a rẹ́rìn-ín kí n tó sọ èyí tó kù.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Ọ̀gá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìsẹ̀ ń kó lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ ní Àkúrẹ́, a sì ra ẹrù inú yàrá àlejò rẹ̀ pátá. Nínú ẹrù náà ni àpótí kékeré kan wà, irú èyí tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lè jókòó lé. Ọ̀dà pupa ló wà lára rẹ̀, ewé wà lábẹ́ pupa, funfun sì wà lábẹ́ ewé. Ó hàn pé ó ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kọjá. Ìbíwùmí ní tí a bá kùn ún dáadáa, òǹrajà lè máa gbé òdòdó oníke lé e lórí.

Abẹ́ igi mángòrò la jókòó sí. Mo ń kun etí dígí, ó ń fi ewé ìpín ha àpótí náà lẹ́yìn mi. Bó ṣe ń ha á, bẹ́ẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ Gbénga, ọmọ rẹ̀, tí ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún ní Adó. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ dákẹ́. Ìró ewé náà sì dákẹ́.

"Kòrí."

Mo bojú wẹ̀yìn. Ó ti gbé àpótí náà lé ẹsẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ. Ní ojú àpótí náà, níbi tí ọ̀dà ti kúrò, àwòrán alángbá kan ló jókòó síbẹ̀, èyí tí wọ́n fi irin gbígbóná yà. Ní etí rẹ̀ lápá kan, igi náà ní ihò wẹ́wẹ́ tó tò léra wọn. Mo mọ ohun tí wọ́n jẹ́ kí n tó fọwọ́ kàn wọ́n. Àpá eyín ọmọdé ni.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé yín. Gbénga kọ́ ni àkọ́bí Ìbíwùmí. Obìnrin ni àkọ́bí rẹ̀. Ọmọ náà fẹ́ràn láti máa lé alángbá kiri àgbàlá, ni bàbá rẹ̀ bá gbẹ́ àpótí fún un, ó ya alángbá sí ojú rẹ̀, ó ní kó jókòó lé èyí tí kò ní sá fún un. Nígbà tí eyín ń yọ lẹ́nu rẹ̀, etí àpótí yẹn ló ń gé jẹ. Ó ti ń rìn, ó ti ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ibà kan wá gbé e lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ̀yin ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ìgbà náà. Òkú ọ̀fọ̀ ni òkú ọmọ. A kì í jẹ́ kí ìyá mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, bàbá náà ò sì gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà obìnrin wọlé, Yèyé ló ṣáájú wọn. Wọ́n kó aṣọ rẹ̀, wọ́n kó abọ́ rẹ̀ àti ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀, wọ́n kó àpótí náà, wọ́n kó wọn jáde lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ béèrè. Bí àpótí náà ṣe ti ibẹ̀ dé ọwọ́ ẹlòmíràn, mi ò mọ̀ ọ́n títí dòní. Wọn ò ṣe é nítorí ìkà. Wọ́n ní kí ojú ìyá má baà máa rí wọn, kí ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà bá ẹsẹ̀ òkú lójú ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún pe orúkọ ọmọ náà nínú ilé yẹn. Nígbà tí wọ́n bí Gbénga, wọ́n pe àwọn òbí rẹ̀ ní Bàbá Gbénga àti Ìyá Gbénga, bí ẹni pé kò sí ẹni tó ti kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá. Káfíńtà náà kò sì gbẹ́ àpótí ọmọdé fún ẹnikẹ́ni mọ́. Bí èèyàn bá wá bẹ̀ ẹ́ fún un, á ní òun ò ní igi.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí ohun tó wà lẹ́sẹ̀ Ìbíwùmí, ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà mí.

Mo ní, "Gbé e jù nù."

"Síbo?"

"Sínú igbó. Sódò. Ibi tó bá wù ọ́. Ìyàwó Gbénga wà nínú oyún, o sì mọ ohun tí àwọn àgbà ń wí. Nǹkan òkú ọ̀fọ̀ kì í padà wọ ulé."

"Mo mọ̀."

"Bí o bá mọ̀, kí lo wá ń wò?"

"Eyín rẹ̀ ni mo ń wò."

Ó fi àtàǹpàkò rìn lórí àwọn ihò náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì tún padà. Kò sunkún. Ó ní, "Kòrí, mo ti gbàgbé bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Mo máa ń gbìyànjú, ojú Gbénga ló máa ń wá." Nígbà náà ni èmi bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, èmi tí mi ò ni ọmọ náà.

Nígbà tó yá, ó dìde. Ó ní, "Ṣé uṣẹ́ ọ̀dà kọ́ la ń ṣe ni? Bù mí ní àwọ̀ ewé yẹn."

Mo ní, "O fẹ́ tà á?"

"Kì í ṣe ti ọjà."

Ó kùn ún níbẹ̀. Alángbá náà kọ́kọ́ di ọ̀bọ́rọ́, ó sì pòórá. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í lè bo ihò etí igi tán. Nígbà tó gbẹ, ó gbé e sí igun yàrá àlejò, ó gbé òdòdó oníke lé e. Ọkọ rẹ̀ ò sí nílé, ó ń kan òrùlé àwọn ọ́fíìsì tuntun ní Adó, ìgbà díẹ̀díẹ̀ ló ń wálé. Yèyé nìkan ló wà nílé, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì. Lọ́jọ́ kejì, Yèyé fi ọwọ́ kan àpótí náà wò, ó ní, "Èyí mà dára o, ìyàwó mi. Ẹ má tà á. Ẹsẹ̀ tó ń wú yìí, ohun tí yóò máa sinmi lé ló ń wá." Ó gbé òdòdó kúrò, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé e. Obìnrin tó gbé àpótí náà jáde nílé yẹn ló gbé ẹsẹ̀ lé e yìí, tó ń kọrin ìjọ sínú. Ìbíwùmí wọ inú yàrá lọ. Ó pẹ́ kó tó jáde.

Àkókò tó tẹ̀ lé e kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ràn láti rántí. Bí ẹnikẹ́ni bá ti Adó dé, Ìbíwùmí á di àyà mú kí ẹni náà tó lanu. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ìyàwó Gbénga wú. Kò jẹun lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní dókítà ní kó máa sinmi. Ó fi aṣọ wé àpótí náà, ó gbé e sábẹ́ apá, ó gba ọ̀nà odò lọ. Mo rí i láti ojú fèrèsé mi. Mo sọ nínú mi pé, ó tó, ó dára bẹ́ẹ̀. Nígbà tó padà, nǹkan náà ṣì wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ó gba iwájú mi kọjá láìkí mi. Ọ̀rọ̀ náà le fún un: bó bá gbé e jù nù, ó tún ti sin ọmọ náà lẹ́ẹ̀kejì, bó bá pa á mọ́, tí ohun kan sì ṣe ọmọ tó ń bọ̀, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ pè é. Ó rù. Èmi nìkan ló mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, mi ò sì mọ bí a ṣe ń ràn án.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Bàbá Gbénga wálé. Mo wà níbẹ̀, mo wá gba iyọ̀. Ó jókòó, ó fẹ́ bọ́ bàtà, ó sì fa àpótí náà mọ́ra kó lè gbé ẹsẹ̀ lé e. Ibi tó ti dì í mú, létí rẹ̀, níbẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti dúró.

Mo rí àtàǹpàkò rẹ̀ tó ń rìn lórí àwọn ihò náà. Ó lọ, ó bọ̀. Yèyé ń tòògbé lórí àga rẹ̀. Ìbíwùmí dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú iyọ̀ lọ́wọ́, kò lè wá síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Mo rò pé á bínú, pé á gbé e sọ síta, nítorí ọmọ Yèyé ni, ó sì bẹ̀rù àṣà ju Ìbíwùmí lọ.

Ó ní, "Ta ló kun èyí?"

Ìbíwùmí ní, "Èmi ni."

Ó dojú àpótí náà kọ ìmọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ọ̀dà rẹ̀ kò tó. Ó fẹ́ ẹ̀ẹ̀kejì."

Ó dìde pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì wa àti ìyókù àwọ̀ ewé, ó gbé àpótí náà lọ sábẹ́ mángòrò, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. A wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ó kùn ún bí ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn láyé mọ́: ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní rí. Nígbà tó dé etí, ó fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó fi orí ìka nu ọ̀dà kúrò nínú àwọn àpá eyín náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má baà dí.

Ìyàwó Gbénga bí ire. Òun lágbára, ọmọ náà lágbára, ọmọ náà ti di àgbà báyìí. Bàbá Gbénga àti Ìyá Gbénga gbé pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, àpótí náà sì wà láàárín wọn. Ìbíwùmí sọ fún mi pé wọn ò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, títí ọkọ rẹ̀ fi kú. Òun náà tẹ̀ lé e. Nígbà tí àwọn ọmọ wá pín ẹrù, àwọn ohun tí kò sí ẹni tó fẹ́ nínú wọn, alálòkù ló kó wọn, àpótí náà pẹ̀lú. Mo dé ibẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ alálòkù ti lọ.

Ayé ti yí. Lónìí, bí ọmọ bá kú, wọ́n á gbé fọ́tò rẹ̀ kọ́ sára ògiri, ìyá á sunkún lójú gbogbo èèyàn, wọn á sì bá a sunkún. Ó jọ pé ó sàn bẹ́ẹ̀. Wọn ò pa ilé pẹ̀lú ilẹ̀ pupa mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó mọ ewé ìpín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n mo wo ọwọ́ ọmọ ọmọ mi lánàá lára tábìlì yẹn, bó ṣe ń fi sùúrù tẹ̀ lé ojú igi, mo sì rí i pé ọwọ́ èèyàn ò yí padà.

Ó ti béèrè orúkọ ọmọ tó kú náà lọ́wọ́ mi. Orúkọ náà wà lẹ́nu mi, mi ò gbàgbé rẹ̀. Mi ò ní sọ ọ́. Ẹni méjì ló ni ín, wọ́n sì ti mú un lọ.

Bí ẹ bá ra àpótí kékeré kan lọ́wọ́ àwọn alálòkù, tí ọwọ́ yín sì bá àpá eyín ọmọdé létí rẹ̀, ẹ kùn ún ní àwọ̀ tó bá wù yín. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí ọ̀dà dí i.